Ayé Inú Awò, Ayé Lẹ́yìn Ìparun: Fíìmù Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Okun Lè Ṣe

   

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá lónìí, àwọn ọ̀dọ́ wa nílẹ̀ Okun, ìyẹn Owé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọrọ̀, ni mo sì fẹ́ bá sọ ọ́ jù, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn òbí dúró gbọ́. Oríṣi fíìmù kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń wò lórí fóònù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nínú rẹ̀, ayé tí a mọ̀ yìí ti parẹ́. Ogun ti jà, tàbí omi ti gbẹ, tàbí àìsàn ti gba ìlú lọ. Àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù wá rí ọ̀nà sá lọ sínú ayé mìíràn tí ẹ̀rọ dá fún wọn. Wọ́n á gbé awò kan bojú, wọ́n á sì máa rí oko tútù, ilé tó dúró ṣinṣin, ìyàwó tó ti kú, ọmọ tó ti sọnù. VR ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é; èmi yóò máa pè é ní ayé inú awò. Ibi tí ẹ̀rù ti ń wọlé ni pé lọ́jọ́ kan, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ mọ́, tàbí kí ó rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń dọdẹ òun.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ kí n tó dákẹ́. Owó kọ́ ló ń mú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ dára. Ẹ̀rù tó jẹ́ òtítọ́ ló ń mú un dára. Ọmọ Kàbà tó ní fóònù kan ṣoṣo lè ṣe é, bí ó bá lè fi gbogbo ọkàn dárúkọ ohun tó ń ba ìlú rẹ̀ lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn tó ti ṣe é hàn yín. Ní 1962, ọkùnrin ará Faransé kan, Chris Marker, ṣe fíìmù kan tí kò gùn ju ìṣẹ́jú 28 lọ. La Jetée ni orúkọ rẹ̀. Ogun àgbáyé kẹta ti pa ìlú Paris run, àwọn tó ṣẹ́ kù ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ mú ẹlẹ́wọ̀n kan, wọ́n fi nǹkan bò ó lójú, wọ́n sì rán an padà sínú ìrántí rẹ̀, nítorí pé ojú obìnrin kan tó rí nígbà tó wà lọ́mọdé kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Fọ́tò lásán ni Marker fi ṣe gbogbo rẹ̀, ó to fọ́tò tẹ̀lé fọ́tò, ohùn ẹnì kan sì ń ròyìn lórí wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwòrán náà mira, nígbà tí obìnrin yẹn lajú. Lẹ́yìn ọdún 33, Hollywood fi ìtàn náà ṣe fíìmù olówó ńlá tí wọ́n ń pè ní 12 Monkeys.

Ẹ wá wo Jámánì. Ní 1973, Rainer Werner Fassbinder ṣe fíìmù alápá méjì kan fún tẹlifíṣọ̀n, World on a Wire ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé iṣẹ́ kan ní kọ̀ǹpútà tí odindi ìlú wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn inú ìlú náà kò sì mọ̀ pé àwọn kì í ṣe ènìyàn. Níkẹyìn, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà wá rí i pé inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni òun fúnra òun ń gbé. Fassbinder kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi yàwòrán ayé àràmàǹdà kankan. Dígí ló lò. Ní ibi gbogbo nínú fíìmù náà, èèyàn méjì-méjì lẹ ó máa rí, ẹni náà àti òjìji rẹ̀ nínú dígí, títí ọkàn yín kò fi ní balẹ̀ mọ́. Ọdún 26 kọjá kí The Matrix tó gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ dé gbogbo ayé pẹ̀lú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ dọ́là.

Awò náà fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ní 1968, Ivan Sutherland ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́, ó sì wúwo débi pé àjà ilé ni wọ́n fi kọ́. Ní 2014, Google gbé páálí jáde: èèyàn á ká a, á ti fóònù rẹ̀ bọ inú rẹ̀, á sì gbé e sójú. Èyí fi hàn pé ohun tó wà nínú yàrá àwọn onímọ̀ nìkan lọ́jọ́sí ti di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fi páálí ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Áfíríkà. Ní 2009, obìnrin ará Kenya kan, Wanuri Kahiu, ṣe fíìmù kan tí kò tó ìdajì wákàtí, Pumzi. Ọdún 35 lẹ́yìn ogun ńlá tí wọ́n jà nítorí omi ni ìtàn náà wáyé. Ilẹ̀ ti kú. Inú ilé kan tí gbogbo rẹ̀ ti pa dé ni àwọn ènìyàn ń gbé. Òógùn ara wọn àti ìtọ̀ wọn ni wọ́n ń sẹ́ padà di omi mímu. Asha ni orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa tọ́jú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ nìkan ló wà: igi orí ẹ̀rọ, ẹranko orí ẹ̀rọ. Àwọn aláṣẹ tilẹ̀ ń fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí wọ́n lá àlá. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí kò dárúkọ fi erùpẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí Asha. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi irúgbìn sínú rẹ̀, irúgbìn náà hù, ọmọbìnrin náà sì fi ilé tó ní ààbò sílẹ̀, ó bọ́ sínú aṣálẹ̀ láti lọ gbìn ín. Ní ibi tí obìnrin ti mọ ohun tí wíwá omi ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, kò sí ẹni tí yóò wo fíìmù yẹn tí kò ní bẹ̀rù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi dé àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà ní 2010.

Ní Nàìjíríà tiwa, ẹ fi fíìmù méjì wéra. Ní 2010, Niyi Akinmolayan gbé Kajola jáde. Ọdún 2059 ni ìtàn náà: ogun abẹ́lé ti ba Èkó jẹ́, àwọn olówó ti kó lọ sí Victoria Island, àwọn tálákà sì wà nínú àwókù. Ọkùnrin náà ní ìgboyà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, nítorí pé ó gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà ya irú ayé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kọ̀ǹpútà ni gbogbo agbára lọ sí, àwọn òǹwòran kò gbà á, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní sinimá kíákíá. Akinmolayan kò jókòó sunkún. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn olùdarí tó gbajúmọ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí lónìí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, C.J. Obasi ṣe Ojuju, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Àdúgbò àwọn tálákà kan ní Èkó ni. Omi kan ṣoṣo tí wọ́n ń mu ti di ẹlẹ́gbin, ẹni tó bá mu ún á di òkú tó ń rìn, á sì máa pa ènìyàn. Gabriel Afolayan, ọmọ Adé Love tí àwọn bàbá wa mọ̀ dáadáa, ló ṣe Romero, ọkùnrin tó ń wá ọ̀nà láti là á já. Orúkọ George Romero ni wọ́n sọ ọ́, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí òun náà fi owó kékeré ṣe Night of the Living Dead ní 1968. Ojuju gba ẹ̀bùn fíìmù Nàìjíríà tó dára jù lọ ní àjọ̀dún AFRIFF ní 2014. Obasi kò ya ìlú àràmàǹdà kankan. Ó gbé kámẹ́rà wọ àdúgbò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì mú ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì bẹ̀rù omi kànga rí, nígbà tí wọ́n bá ní onígbá méjì wọ ìlú?

Ẹ̀yin tí ẹ ó sì sọ pé Èkó ni Èkó, pé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà, ẹ gbọ́ ti Kàdúná. Àwọn ọ̀dọ́langba kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pe ara wọn ní The Critics Company. Fóònù ni wọ́n fi ń ya fíìmù sáyẹ́ǹsì wọn. Wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sára ògiri kí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn òṣèré. Orí YouTube ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, iná ọba ń lọ, ó ń bọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀. Ní 2019 ni ìròyìn wọn kan gbogbo ayé, J.J. Abrams tó darí Star Wars sì fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Ọdún 2019 yẹn kan náà ni ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Joel Kachi Benson, gba ẹ̀bùn fíìmù VR ní àjọ̀dún Venice ní Ítálì. Daughters of Chibok ni fíìmù náà, nípa àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé ní oṣù kẹrin 2014. Ìtàn àròsọ kọ́ ni tirẹ̀. Ẹ ó gbé awò sójú, ẹ ó sì bá ara yín nínú àgbàlá ìyá tó ṣì ń retí. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó fi ohun tí awò yìí lè ṣe hàn: ó lè gbé wa sún mọ́ ọmọnìkejì wa. Àwọn fíìmù ẹ̀rù tí mo ti ń sọ ń kìlọ̀ nípa ìdàkejì rẹ̀, pé awò kan náà lè mú wa jìnnà sí ẹni tó jókòó tì wá.

Nísinsìnyí, ilẹ̀ Okun ńkọ́? Kí ni ìparun tí àwa mọ̀?

A ti fojú rí ju ohun tí Hollywood ń fi owó yà lọ. Ní 2022, omi Ọya àti Bẹ́núé kún, wọ́n bo títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá mọ́lẹ̀, ọkọ̀ tò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọkọ̀ ojú omi sì ń gba ibi tí mọ́tò ń gbà. Lóru ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, 2021, àwọn agbébọn fi ìbọn àti àdó olóró wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n níhìn-ín ní Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì jáde sínú òkùnkùn. Ta ló fojú kan oorun ní ìlú yìí lálẹ́ ọjọ́ náà? Ní Àjàòkúta, ilé iṣẹ́ irin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀ ti dé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1994, síbẹ̀ iná ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì jó lẹ́ẹ̀kan rí. Ibẹ̀ ni òpó irin ti ń dógùn-ún. Olùdarí fíìmù láti òkè òkun lè fi ọ̀pọ̀ owó kọ́ irú ibẹ̀ kí ó lè yàwòrán ayé tó ti parí. Tiwa wà nínú ìpínlẹ̀ wa. Ẹ kàn ní láti gba àṣẹ.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀kan wà tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi ṣe fíìmù. Ẹ rìn káàkiri àwọn ìlú wa lóṣù kẹjọ, láti Kàbà lọ sí Ògìdì, láti Mọpà lọ sí Ìsánlú. Ẹ ó rí ilé alájà pẹ̀lú géètì irin, tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó di Kérésì tàbí ọjọ́ ìsìnkú kí ó tó ṣí. Ọmọ wà ní Àbújá, ọmọ wà ní London, ọmọ wà ní Houston. Ìyá nìkan ló wà nílé. Fóònù ló fi ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà oko tó ti di ọ̀nà ajínigbé sì ti mú kí àwọn tó wà nílé gan-an máa palẹ̀ mọ́.

Ẹ wá bá mi rò ó báyìí. Ọdún 2061 ni. Ìlú kan wà nílẹ̀ Okun tí ó ti ṣófo. Ìyá àgbà kan ló kù. Gbogbo àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ń san owó oṣù fún ilé iṣẹ́ kan, ilé iṣẹ́ náà sì fún wọn ní awò. Ní alaalẹ́, wọ́n á gbé e sójú, wọ́n á sì “dé ilé”. Wọ́n á rí àgbàlá, èéfín ilé ìdáná, ìyá tó ń kí wọn káàbọ̀. Ohun tí wọ́n bá rántí ni ẹ̀rọ fi kọ́ ìlú náà. Ibi tí ìrántí wọn kò bá dé, ẹ̀rọ á fi ohun tó wù ú dí i. Díẹ̀díẹ̀, ojú àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jọra. Ilẹ̀kùn kan wà nínú àgbàlá tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí, nítorí pé kò sí ẹni tó rántí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ-ọmọ kan, ọmọbìnrin, wá ṣàkíyèsí pé ìyá àgbà ń ki òun ní oríkì tí kì í ṣe ti ilé wọn. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ oríkì náà, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó wá sílé ní tòótọ́, ó já géètì. Ó bá ìyá àgbà lórí ẹní, ó ti pẹ́ tó ti lọ. Láti ìgbà tó ti kú ni ẹ̀rọ ti ń fi ohùn rẹ̀ kí gbogbo wọn káàbọ̀, tí ilé iṣẹ́ sì ń gba owó oṣù, kò sì sí ọmọ kan tó mọ̀.

Èló lẹ ó fi ṣe ìyẹn? Àgbàlá kan, ìyá kan, ọmọbìnrin kan, páálí kan tí ẹ kùn ní dúdú kí ó jọ awò. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí àjẹ́. Ẹni tó bá wò ó tán ní London, mo gbà pé kò ní lè sùn láìpe ilé.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mẹ́nu kan iwin àti àjẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ fíìmù ẹ̀rù olówó kékeré wa ti sọ àwọn àgbà wa di ìkà, wọ́n ti sọ ọmọ aláìmọ̀kan di àjẹ́, wọ́n sì ti sọ eégún di ẹ̀mí burúkú. Ìpalára wà nínú ìyẹn, nítorí pé àwọn kan ń jáde níbi ìran náà lọ lé ìyá arúgbó kúrò nílé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú nípa eégún fúnra rẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ń wo ayé láti inú àwọ̀n ojú rẹ̀, àwọn baba ńlá wa sì tipa bẹ́ẹ̀ wá sí àárín wa. Gbogbo ìlú ló ń rí i. Ó ń pe ọmọdé lórúkọ, ó ń súre fún àwọn obìnrin, ó mọ agboolé tí yóò yà. Ẹni tó gbé awò sójú ní tirẹ̀ ń wo ayé tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè rí. Bí ẹ bá lè fi méjèèjì sínú fíìmù kan náà, ẹ ti sọ ohun tí ará Jámánì àti ará Amẹ́ríkà kò lè sọ fún yín, nítorí pé wọn kò ní in.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Kí ó má ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Òǹwòran á foríjì àwòrán tó ṣókùnkùn, kò ní foríjì ohùn tí kò gbọ́. Nítorí náà ẹ fi fóònù kejì sítòsí ẹnu òṣèré, kí ó máa gba ohùn nìkan. Ẹ yà á nígbà ọyẹ́, nígbà tí ojú ọ̀run bá funfun tí òkè sì ń farasin. Àwòrán ayé tó ti parí ni Ọlọ́run fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ yà á, kí oòrùn ọ̀sán má baà ba àwòrán ojú àwọn ènìyàn jẹ́. Bí iná kò bá sí, ẹ lo fọ́tò bíi ti Chris Marker: àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri pálọ̀ bàbá yín tó láti gbé ìtàn kan dúró. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ má sì wọ ibi ewu nítorí àwòrán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ìyá inú eré yín sọ èdè ilé wa, ì báà jẹ́ Owé, Ìyàgbà tàbí Bùnú. Ẹ kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́.

Ẹ̀yin àgbà, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀ o. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ọmọ mọ fóònù. Ẹ̀yin lẹ mọ oríkì, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọn kò lè ṣí. Bí ọmọ bá wá bá yín pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ẹ má ṣe sọ pé eré ìranù ni. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ fún un.

Mo sì ń bẹ ẹgbẹ́ Okun Development Association, àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa, àwọn ìjọ àti mọ́sálásí tó ní gbọ̀ngàn, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Lóṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ bá dé láti ìdálẹ̀, ẹ ta aṣọ funfun kan, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán, kí ẹ sì fi fíìmù àwọn ọ̀dọ́ yìí han gbogbo ìlú lálẹ́ ọjọ́ kan péré. Ẹ fún èyí tó dára jù lẹ́bùn, ì báà jẹ́ fóònù tuntun kan. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Fíìmù tí yóò sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ wa, tí yóò sì bà wọ́n lẹ́rù débi tí wọ́n á fi máa wálé, kò yẹ kí a dúró de ẹlòmíràn kí ó tó bá wa ṣe é.